Etí màmá yẹn ló kọ́ mi ní information theory

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe prójẹ́ẹ̀tì lórí orin àti kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti ṣìnà fún yín.

Information theory ni ìmọ̀ tó ń fi nọ́ńbà wọn ìròyìn, bíìtì ló sì fi ń wọn bí nǹkan ṣe ya èèyàn lẹ́nu tó. Fọ́múlà ẹ̀ ò le rárá, Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1948. Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú méjì, bíìtì 1 ni, èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 8, bíìtì 3, bí nǹkan bá ṣe ṣọ̀wọ́n tó ni bíìtì ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Mo kó orin ṣọ́ọ̀ṣì wa sínú kọ̀ǹpútà, mo ka nóòtì tó ń tẹ̀lé nóòtì, nọ́ńbà jáde, mo wá gbà pé nóòtì kọ̀ọ̀kan ló ní ìyàlẹ́nu tiẹ̀ lára.

Àfìgbà tá a lọ síbi ìnáwó kan ní Alágbàká níbí l'Ákùúrẹ́, onígángan kan kọjú sí màmá tó jókòó tì mí, ó ń fìlù kì wọ́n, èmi ò gbọ́ ju ariwo dídùn lọ, ṣùgbọ́n oríkì ò tíì dé àárín tí màmá ti ń mi orí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ti ń wá owó nínú báàgì. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe tètè mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé oríkì bàbá mi ni mi ò ní mọ̀?"

Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohùn mẹ́ta péré ni ìlù ń fọ̀, dò re mí, kódà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń wáyé dọ́gba, sílébù kan ò lè gbé ju nǹkan bíi bíìtì 1.58 lọ. Ilé, owó, ọjọ́, ohùn kan náà ni gbogbo wọn lórí ìlù! Ìdí nìyẹn tí onílù fi ń lo gbólóhùn gígùn, òwe àti oríkì, kétí tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lè bá a parí ẹ̀. Ìparí oríkì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bíìtì 0 fún màmá, gbogbo ẹ̀ ṣì ṣòro fún èmi, bẹ́ẹ̀ ìlù kan náà la jọ gbọ́.

Leonard Meyer, onímọ̀ orin kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ ní 1956 pé ibi tí orin bá ti dá ohun tétí ń retí dúró ni ọkàn ti ń mì. Mo ti kà á, mi ò bi ara mi pé etí ta ni.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó ka nóòtì kankan, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló ń gbọ́, orin wo ló bá dàgbà. Èmi padà lọ kó orin àwọn onílù jọ lọ́tọ̀, mo sì gbé orin kan náà fún mọ́dẹ́ẹ̀lì méjèèjì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ nóòtì tó kàn, ọ̀kan tó kọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan tó kọ́ orin onílù.