Ojú Oró Kò Lékè Mọ́: Ọjọ́ Tí Ewé Sé Wa Mọ́ Lójú Ọ̀nà Ganvié

"Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò." Mo ti ṣe àmín sí ìwúre yìí níbi ìkómọ, níbi ìgbéyàwó, níbi ìṣílé, bẹ́ẹ̀ ẹ bá ní kí n fi ojú oró hàn yín láàárín koríko, ìtìjú ni. Oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara mi kàn án, lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kí n tó rí i, ewé mìíràn tí kò sí nínú ìwúre ẹnikẹ́ni ti kọ́kọ́ dá wa dúró sójú omi.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ lọ. Ọ̀nà Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ ìyẹn níbí. Ẹni tó bá ti gbà á rí, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì máa dùn ún. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán a ti kọjá Kùtọnu, ọlọ́kadà sì já wa sílẹ̀ létí omi ní Calavi, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí igi láàárín adágún.

Bàbá tó wa ọkọ̀ wa á ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo fi Faransé jágajàga kí i. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ sọ Yorùbá jàre. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní Makoko."

A ò tíì lọ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo rí ohun tí mo pè ní ilẹ̀. Ó tutù yọ̀yọ̀, lékeléke méjì ń rìn lórí rẹ̀, òdòdó aláwọ̀ àlùkò bò ó lọ súà, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú pupa ẹyin láàárín bí ojú ìyẹ́ ọ̀kín. Mo yọ fóònù. Mo ṣì ń ya fọ́tò lọ́wọ́ ni ilẹ̀ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í. Kí Bàbá tó yí ọkọ̀ padà, ewé ti yí wa ká, irin tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì sì kú fin-ín.

Nǹkan bíi wákàtí kan la lò níbẹ̀. Bàbá gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó ń fi àdá gé gbòǹgbò tó wé mọ́ ọn. Gbòǹgbò náà dúdú, ó rí wúrúwúrú bí irun tí wọn ò yà láti ọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà fa ọ̀kan tu. Ìdí ewé rẹ̀ wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ onífèrè. Mo fi èékánná ya á, inú rẹ̀ rí bíi fóòmù, afẹ́fẹ́ ló kún ibẹ̀. Abájọ tí kì í fi í rì.

Òyìnbó ń pè é ní water hyacinth. Agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, òdòdó yẹn gan-an ló sì gbé e jáde: ẹni tó rí i fẹ́ ẹ sínú adágún ọgbà tirẹ̀, bó ṣe ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ó ti wà ní Bẹ̀nẹ̀. Ní 1984 ó gba ojú omi láti ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wọ Àgbádárìgì, ó dé ọ̀sà Èkó, ó dé Ẹ̀pẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Kò gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Sẹ̀mẹ̀. Níbi tí a bí i sí, kòkòrò wà tó ń jẹ ẹ́. Níbí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí omi bá lọ́ràá tí oòrùn sì ràn dáadáa, bíi ọ̀sẹ̀ méjì tó fún un láti di ìlọ́po méjì. Èso rẹ̀ lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ogún ọdún kó tó hù.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ojú oró la mọ̀," Bàbá wí, àdá lọ́wọ́. "Ìyẹn á léfòó síbí, á léfòó sọ́hùn-ún, ẹja á máa sá sábẹ́ rẹ̀. Kì í di ọkọ̀ lọ́nà tó báyìí."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi nígbà tí mo wo abẹ́ ewé. Ojú oró ń sùn lé omi ni. Èyí ń nàró, ó lè ga tó mítà kan, ó sì ń fi òjìji bo ohun gbogbo tó kúrú sí i. Oòrùn kò dé inú omi mọ́. Àwọn nǹkan wíwẹ́ aláwọ̀ ewé tí ẹja ń jẹ yóò kú, ewé tó ti gbó yóò máa jẹrà lábẹ́, afẹ́fẹ́ inú omi yóò sì tán. Ẹpìyà kò lè fara da ìyẹn. Àrọ̀ lè yọrí sókè mí, òun ló ń kù. Àwọn apẹja tó fi ẹ̀ka igi ṣe akája sínú adágún kí ẹja lè máa bí síbẹ̀, wọ́n á jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n bá ewé lórí ẹ̀. Lásìkò tó le jù, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá èèyàn ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ń pàdánù mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dọọdún.

Mo ti fẹ́ ju ewé ọwọ́ mi nù tí Bàbá fi gbà á. Ó fi ìka tọ́ka sí àwọn ojú wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, bí ẹni pé èèyàn fi èékánná ha á. Mo rò pé àrùn ni. Ó la igi ewé náà sí méjì: ìdin funfun kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ó ti gbẹ́ ihò gba inú fóòmù yẹn kọjá.

"Ọmọ IITA nìyẹn," ó wí.

IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tiwa tó wà ní Ìbàdàn, ló ń sọ. Wọ́n ní ibùdó ní Calavi. Kòkòrò tó ń jẹ ewé yìí nílé rẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n kó wá. Bó bá dàgbà, ó jọ kòkòrò inú àgbàdo, ẹnu rẹ̀ sì gùn. Láti 1991 ni wọ́n ti ń tú u sílẹ̀ lágbègbè Wẹ̀mẹ̀, odò tó ń ṣàn wọ adágún Nokoué. Kí n má parọ́, ara mi kò kọ́kọ́ gbà á. Àlejò tún lọ pe àlejò wá? Ṣebí ní Australia, ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n kó wọ Queensland ní 1935 kó lè jẹ kòkòrò inú oko ìrèké. Ọ̀pọ̀lọ́ kò ka kòkòrò yẹn sí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹranko ìbílẹ̀ tó bá gbé e mì ni oró rẹ̀ ń pa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti yẹ kòkòrò ti Wẹ̀mẹ̀ yìí wò fínnífínní kí wọ́n tó tú u sílẹ̀: bí ewé yìí bá tán, ebi ni yóò pa á. Iṣẹ́ náà ná wọn ní mílíọ̀nù méjì dọ́là àti díẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀, owó tó ń padà sápò àwọn ará etí omi lọ́dún kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là.

Síbẹ̀ náà, ẹ rí ibi tí ewé bá wa. Òkun ló ń bá kòkòrò ṣe iṣẹ́ tó kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà Kùtọnu wọlé, ewé á kú, á máa rùn. Ṣùgbọ́n ilé kòkòrò náà ni iyọ̀ pa yẹn. Bí Wẹ̀mẹ̀ bá tún kún, ewé tuntun á ṣàn dé, kòkòrò á sì tún máa lé e láti ẹ̀yìn.

Ganvié dára, mi ò ní purọ́. Àwọn baba ńlá wọn sá fún àwọn akónilẹ́rú wá sórí omi, wọn ò sì padà mọ́. A ra ẹ̀kọ àti ẹja díndín lọ́wọ́ ìyá kan nínú ọkọ̀. Mo béèrè ẹpìyà. Àrọ̀ ló ní.

Lẹ́yìn ilé ìyá yìí ni Bàbá ti fi ojú oró hàn mí, ìwọ̀nba díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan, kò tó ẹní méjì. Ó tutù díẹ̀ ju ewé ọ̀sàn lọ, irun kéékèèké wà lára rẹ̀, omi kì í dúró lórí rẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ rì. Ó yọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún yọ, ó gbẹ bí ẹni pé omi ò kàn án. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ pé "àṣẹ".

Nígbà tí a padà dé èbúté, mo rí i pé àbúrò mi ti já òdòdó aláwọ̀ àlùkò yẹn tòun ti gbòǹgbò sínú nálọ́ọ̀nù, ó ní ìyàwó òun á fẹ́ràn rẹ̀. Mo fi ariwo ta. Bàbá ní kí n fara balẹ̀: "Àǹtí, ó ti dé Èkó kí wọ́n tó bí ẹ̀yin méjèèjì."

Ṣùgbọ́n ó gba nálọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó da ewé inú rẹ̀ sórí yanrìn gbígbóná, ó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.