Láti Woolwich dé Sydney: Ọ̀nà Tí Billy Blue Gbà

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo èyí."

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà. Irin dúdú ni, ti ẹsẹ̀. Ọkàn mi lọ sí Badagry lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, níbi tí wọ́n kó wa lọ nígbà tí a wà nílé ìwé, tí wọ́n ní ká fọwọ́ kan irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Badagry kọ́ la wà yìí. Hyde Park Barracks ni, ilé tí wọ́n ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí láyé àtijọ́, tó ti di mùsíọ́mù báyìí, láàárín ìlú Sydney, ní Ọsirélíà. Mo wá kí àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi débẹ̀ kó tó mú mi dé ibòmíràn.

Ohun tó ń gbé mi lọ́kàn ni pé Woolwich ni mò ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, létí odò Thames. Àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀: lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú bọ́ọ̀sì, èdè wa ni mò ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi àti àwọn ọmọ fi ń rìn létí omi yẹn kí n tó mọ̀ pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọkọ̀ di ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ogun ló fà á. Amẹ́ríkà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ọ̀daràn rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dìde ogun sí wọn, ọ̀nà dí, ẹ̀wọ̀n kún. Ní 1776 wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n fi ọkọ̀ tó ti gbó, tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lórí odò, ṣe ẹ̀wọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní Woolwich ń jẹ́ Justitia, èyí tó túmọ̀ sí ìdájọ́ òdodo. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n á kó wọn jáde tirin-tirin lẹ́sẹ̀ lọ wa yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n á dà wọ́n padà sínú ọkọ̀. Láàárín oṣù kẹjọ 1776 sí oṣù kẹta 1778, ẹlẹ́wọ̀n 632 ló wọ ibẹ̀, 176 kú. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó lé ní 80 ọdún kó tó dópin.

Ọsirélíà ni wọ́n wá ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ dípò Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ mọ́kànlá àkọ́kọ́ gbéra lọ síbẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1787, wọ́n sì lo oṣù mẹ́jọ lójú òkun. Èmi lo bí ọjọ́ kan nínú bàálù, ẹsẹ̀ mi wú. Ọ̀wọ́ kejì, tó dé ní 1790, ló bà mí nínú jẹ́ jù. Camden, Calvert & King ni wọ́n gbéṣẹ́ náà fún, àwọn oníṣòwò ẹrú. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ òwò ẹrú ni wọ́n fi dè wọ́n. Iye orí tó wọkọ̀ ni ìjọba san, kì í ṣe iye tó gúnlẹ̀ láàyè, nítorí náà ìpèsè oúnjẹ kò ká wọn lára. Nínú bí 1,000 ẹlẹ́wọ̀n, bí ìdá kan nínú mẹ́rin kú. Ìdí nìyẹn tí irin yẹn fi jọ ti Badagry lójú mi.

A gun òkè lọ wo yàrá tí wọ́n so ibùsùn aṣọ kọ́ sí ní ìlà-ìlà. Eku ló ń jí aṣọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wọ abẹ́ pákó ilẹ̀ láti fi ṣe ìtẹ́. Òun ni díẹ̀ fi kù títí dòní.

Lọ́jọ́ kejì a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Blues Point. Billy Blue ni wọ́n fi sọ ibẹ̀, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó gbé ní Deptford, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti ń ra ẹ̀fọ́ àti pọ̀nmọ́. Ó ń ṣe ṣokoléètì, ó sì ń já ẹrù ọkọ̀ West Indies, àwọn erékùṣù Kàríbíà. Ní 1796 ilé ẹjọ́ ní Maidstone dá a lẹ́bi pé ó jí ṣúgà, wọ́n sì dá ọdún méje fún un lókè òkun. Ta ló ń gbin ìrèké ní West Indies nígbà náà? Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni! Ó lé ní ọdún mẹ́rin tó fi wà nínú ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n kí ọkọ̀ tó ń jẹ́ Minorca tó gbé e dé Sydney ní 1801.

Níbẹ̀ ló ti di atukọ̀ tó ń gbé èrò sọdá. Gómìnà Macquarie fún un ní ilẹ̀ éékà 80 ní 1817, ilẹ̀ àwọn Cammeraygal, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè.

Mo dúró létí omi náà nírọ̀lẹ́, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sílé. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Woolwich. Ọmọbìnrin mi fèsì: "Mọ́mì, ṣé ó padà wá sí Deptford?"

Mo kọ̀wé sí i pé rárá, ó gbéyàwó síbẹ̀, ó bímọ mẹ́fà, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1834.