Ọpẹ́ Lórí Ohun Tí Ọwọ́ Kò Bà

Ẹ bá wa yin Olúwa! Àwa nọ́ọ̀sì inú ìjọ la dìde dúpẹ́ nítorí arábìnrin wa tó wọ àdìrẹ lọ́hùn-ún yẹn. Òun ló ní ká bá òun sọ bí wọ́n ṣe rí jẹjẹrẹ lọ́mú òun, ká sì là á yékéyéké.

Kò sí kókó lọ́mú rẹ̀. Kò dùn ún, omi ò jáde lórí ọmú. Òun tẹ̀ ẹ́, dókítà tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ò ba nǹkan kan. Máḿógíráàmù, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọmú, ló tú àṣírí. Àwòrán 2 ni wọ́n ya fún ọmú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan látòkè, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. (Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi pọ́dà sábíyá lọ sídìí ẹ̀rọ yẹn o, ó lè hàn bí ohun tí wọ́n ń wá gan-an.) Èérún funfun bí iyọ̀ ni wọ́n rí, òmíràn ò tó ìdajì mìlímítà, wọ́n ṣù jọ síbì kan. Skáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, kì í sábà rí irú wọn, nítorí náà ẹ̀rọ máḿógíráàmù ló júwe ọ̀nà fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bu ẹran níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni, àmọ́ inú ọ̀nà wàrà ló ṣì wà, kò tíì fọ́ jáde.

Báwo wá ni oníṣẹ́ abẹ yóò ṣe gé ohun tí ojú ò rí, tí ọwọ́ ò bà? Wáyà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n ti abẹ́rẹ́ oníhò dé ìdí àwọn èérún náà, wọ́n sì ki wáyà tín-ín-rín gba inú rẹ̀. Ẹnu wáyà náà tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Bí wọ́n bá ti yọ abẹ́rẹ́, á há mọ́ ẹran. Wọ́n tún ya àwòrán kó lè dájú pé ó débẹ̀.

Ibí gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà wá jù. Bí ọmú bá lọ́ràá, wáyà lè yẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé èèyàn sórí bẹ́ẹ̀dì. Àlùmọ́gàjí lè gé e láàárín. Ẹni tí kò tíì jẹun láti alẹ́ lè dákú lórí àga. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ká ibi tí wáyà yọ síta, tí wọ́n fi gọ́ọ̀sì àti pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, tí wọ́n sì ní kó má nawọ́ sókè.

Oníṣẹ́ abẹ tọ wáyà lọ, ó gé ẹran tó yí ẹnu rẹ̀ ká lódindi. Ó rán okùn kúkúrú sápá òkè, gígùn sápá ìta, kí àwọn ará láàbù lè mọ ibi tó kọjú sí. Kó tó rán ojú ọgbẹ́, wọ́n gbé ẹran náà lọ ya àwòrán rẹ̀. Ìwọ̀ wà láàárín, èérún yí i ká, ṣùgbọ́n 3 fara ti etí apá ìsàlẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ló bá tún bẹ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀. Ká ní wọ́n ti rán an pa ni, wọn ì bá tún padà là á.

Èsì ti dé: etí ẹran tí wọ́n gé mọ́ yíká, ó ju mìlímítà 2 lọ láti etí rẹ̀ dé ibi tí jẹjẹrẹ wà. Wọn ò gé ọmú rẹ̀. Ìtọ́jú onítànṣán 15 ló kàn, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ 3. Ó ti gba 6. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò láti Òkè-Àdó lọ sí Ọ̀rìta Mẹ́fà láàárọ̀ ọ̀la, kó jọ̀wọ́ yà gbé e.

Onílù dà? Ó fẹ́ jó.