Mo lọ bá ọkùnrin tó fẹ́ràn ìjì ní Reykjavík

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó kúrò ní London ni mo ti sanwó bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wa lọ wo ibi tí omi gbígbóná ti ń ta jáde láti inú ilẹ̀ ní Íslándì. Aago méje àárọ̀, mo ti dé ibi tí wọ́n ní ká dúró sí ní Reykjavík, olú ìlú wọn. Ìjì ń jà. Òjò ò rọ̀ láti òkè, ẹ̀gbẹ́ ló gbà wá, ó ń gbá mi lójú. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi dúró kí wọ́n tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ò lọ mọ́. Wọ́n jàre, ẹ̀mí ju owó lọ. Àmọ́ nígbà tí mo béèrè owó mi, wọ́n ní kí n fi ṣe ìrìnàjò míì láàárín ọdún kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ owó dídá padà sí kẹ́ ẹ tó sanwó.

Mo sá wọ ilé oúnjẹ kan létí èbúté. Abọ́ ọbẹ̀ ẹja kan ṣoṣo gbówó lórí ju oúnjẹ ọjọ́ méjì mi lọ. Funfun ló funfun, ata ò kàn án rárá, àmọ́ ẹja tútù ni, ó ń yọ́ lẹ́nu. Ìyá tó ń bu ọbẹ̀ rí bí mo ṣe ń gbọ̀n, ó bu ṣíbí ńlá kan kún un láìgba kọ́bọ̀. Mo ní atẹ́gùn wọn ti ba ọjọ́ mi jẹ́. Ó ní kí n lọ sí òpópónà Lækjargata, kí n lọ kí Hannes Hafstein, òun ló kọ ewì pé òun fẹ́ràn ìjì.

Mo lọ. Ère rẹ̀ wà lórí koríko níwájú ilé funfun kan tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n láyé àtijọ́, tó di ilé ìjọba. Ère ọba Dẹ́nmárkì, Christian Kẹsàn-án, tó jọba lé Íslándì lórí láyé ìgbà yẹn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó na ìwé òfin sóde. Omi ń kán láti àgbọ̀n Hannes.

Ọdún 1861 ni wọ́n bí i ní Möðruvellir, níhà àríwá. Ó kọ́ òfin ní Copenhagen, ibẹ̀ náà ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìwé ìròyìn Verðandi jáde ní 1882. Ní February 1, 1904, ó di mínísítà Íslándì àkọ́kọ́ tó jókòó sí Reykjavík, nígbà tí Dẹ́nmárkì gbà kí wọ́n máa ṣàkóso ọ̀rọ̀ ilé wọn. Àwọn àgbẹ̀ gun ẹṣin wọ ìlú ní 1905 láti ta ko wáyà tẹlígíráàfù, èyí tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn, tí Hannes fẹ́ fà wá; kò yẹsẹ̀, wáyà náà dé ní 1906.

Èyí tó mú mi dúró pẹ́ ni ti 1899. Ó jẹ́ aláṣẹ ìjọba ní agbègbè Ísafjörður nígbà náà. Ọkọ̀ apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ń jí ẹja kó létí òkun ní Dýrafjörður, Hannes àtàwọn kan wọ ọkọ̀ kékeré lọ mú wọn. Ọkọ̀ kékeré náà dojú dé. Ọkùnrin mẹ́ta bómi lọ, díẹ̀ ló kù kí òun náà lọ. Ẹni tó ti kọ ewì ìjì nígbà èwe rẹ̀ rèé! Mo ronú kan àwọn mẹ́ta yẹn, mo sì gbàgbé bọ́ọ̀sì.

Mo rìn dé òpópónà Tjarnargata, létí adágún, níbi tí ilé tó gbé nígbà tó jẹ́ mínísítà wà. Etí òkun kan tí wọ́n ń pè ní Önundarfjörður ni wọ́n ti tú ilé onígi yẹn wá, ọ̀dọ̀ ará Norway kan tó ń pa àbùùbùtán. Ìyàwó rẹ̀, Ragnheiður, kú ní 1913, ó fi ipò sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun náà sì kú ní 1922.

Nígbà tí mo yí padà, atẹ́gùn ti wà lẹ́yìn mi. Mo ṣí bọ́tìnì kóòtù mi, mo jẹ́ kó máa tì mí lọ.