Àyẹ̀wò ọdún 2025: wẹ́dà kan, àga tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀, àti owó tó ń pẹ́ kó tó dé

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ̀ pé géètì àti irin ojú fèrèsé ni mo fi ń jẹun ní Láfẹ́ńwá, l'Abẹ́òkúta. Ọjà kò yá lọ́dún yìí. Irin gbówó lórí, iná mànàmáná náà sì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Iṣẹ́ tó gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún 2025 ni èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ mówó wọlé: àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ìjókòó (wheelchair) àwọn akàndá tó ń ṣeré ìdárayá.

National Sports Festival, ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀, ló fà á. Oṣù Karùn-ún ni gbogbo Nàìjíríà wá bá wa nílé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn fún un, Gateway Games ni wọ́n pe tiwa, àwọn akàndá náà sì ní ìdíje tiwọn níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àlejò lọ tán, àwọn ọ̀dọ́ tí ojú wọn ti là bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ̀kẹ́ tó ti dẹnu kọlẹ̀ wá: bíárìn tó ti jẹ, tayà iwájú tó ti fá, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé tó ti já. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ títẹ́jú ilé ìwòsàn ni wọ́n ń yí gun òkè sọ̀kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Báwo ni yóò ṣe pẹ́?

Irin lásán, mo lè jó o pọ̀. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ eré sísá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí imú rẹ̀ gùn síwájú yẹn, alumíníọ́mù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ẹ̀rọ tèmi, oní-ẹlẹ́kítíródù (ọ̀pá tínrín tí a fi ń jó irin), kò wà fún un. Gáàsì àgọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń jó irú ẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà ba ojú ibi tí wọ́n jó jẹ́. Ọmọkùnrin kan gbé ọ̀kan tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà." Mo ní rárá o, bó bá já lẹ́nu eré, ọrùn ni wàá fi balẹ̀. Èkó ló gbé e lọ níkẹyìn. Owó ọkọ̀ òun àti kẹ̀kẹ́ ju owó iṣẹ́ tí mi ò bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ dáadáa.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo àmì ẹ̀yẹ wa lójú wẹ́dà. Ní Paris lọ́dún 2024, òfo ni ikọ̀ Nàìjíríà mú bọ̀ láti Olympics. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn akàndá lọ sí Paralympics ní ìlú kan náà, wọ́n sì kó àmì ẹ̀yẹ 7 bọ̀: wúrà 2, fàdákà 3, idẹ 2. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní London lọ́dún 2012: òfo ní Olympics, 13 ní Paralympics. Nínú 7 ti Paris, 4 ló wá láti ibi gbígbé irin. Onyinyechi Mark, tó díje ní ìpele àwọn tí kò wúwo ju kílò 61 lọ, fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé kílò 150. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta nìyẹn, ẹ̀yin bíríkìlà! Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ gbé 167. Àwọn méjèèjì ló gba wúrà, àwọn méjèèjì ló sì fi kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni ní àgbáyé dé rí ní ìpele wọn.

Kí ló dé tó jẹ́ irin gbígbé la ti ń ta wọ́n yọ? Agbára wà, akọ́nimọ̀ọ́ṣe wà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé bẹ́ǹṣì kan àti irin díẹ̀ tó ogún ènìyàn lò. Kò sẹ́ni tó nílò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kẹ̀kẹ́ eré sísá, ẹnì kan ló wà fún, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n mọ́ ọn lára bí ìgbà tí télọ̀ bá ń ránṣọ ni. Ibi tí irinṣẹ́ kò ti wọ́n la ti ń gba àmì ẹ̀yẹ. Àwọn tí ẹ̀bùn wọn bọ́ sí ibòmíràn ńkọ́?

Èyí ló mú kí inú mi dùn sí àga tí akàndá ń jókòó sí ju nǹkan, tí mo ṣe lóṣù Kẹ̀wàá. Àwọn tó ń jókòó ju ọ̀kọ̀ tàbí irin róbótó kì í lo kẹ̀kẹ́ lásìkò ìdíje. Orí àga onírin tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Flora Ugwunwa gba fàdákà ní Paris nínú irú eré yìí, Eucharia Iyiazi sì gba idẹ. Òfin rẹ̀ yé wẹ́dà: gíga ibi ìjókòó, pẹ̀lú tìmùtìmù, kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ, ọ̀pá ìdìmú gbọ́dọ̀ gún, kò gbọdọ̀ máa tẹ̀ bíi pàṣán. Páìpù oníhà mẹ́rin ni mo lò, mo ta á ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ọmọbìnrin tó ni ín jókòó sórí rẹ̀, ó mì í títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kò mì!" Owó iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi jù lọ́dún yìí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbọ̀ ló tíì san.

Lóṣù Keje, Ààrẹ fún agbábọ́ọ̀lù Super Falcons kọ̀ọ̀kan ní owó tó tó 100,000 dọ́là àti ilé oníyàrá mẹ́ta nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà. Ó tọ́ sí wọn, mi ò jowú. Àmọ́ owó tó ń dé lẹ́yìn ife kò ra bíárìn fún ẹni tí kò tíì jáde nílé. Fún akàndá, ìṣòro tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùyẹ̀wò àgbáyé gbọ́dọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò kí wọ́n tó fi í sí ìpele àwọn tí àìlera wọn jọ tirẹ̀, ibi ìdíje ni wọ́n sì ti sábà máa ń ṣe é. Ẹni tí owó ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ pẹ́ dé kò pàdánù ìdíje kan ṣoṣo. Ó lè pàdánù ojú ọ̀nà tó lọ sí Paralympics.

Ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2026 ni ìbẹ̀rẹ̀ Commonwealth Games ní Glasgow, gbígbé irin àwọn akàndá sì wà níbẹ̀. Tí owó ìgbáradì wọn bá máa jáde, oṣù Kìíní ni kó jáde. Ní tèmi, mò ń dá owó ẹ̀rọ àgọ́ọ̀nù jọ. Ẹ̀yin olóṣèlú tó sì máa ń pín kẹ̀kẹ́ tí àwòrán yín wà lẹ́yìn rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ dín kan kù nínú rẹ̀, kí ẹ fowó rẹ̀ ra tayà àti bíárìn fún èyí tí ẹ pín lọ́dún tó kọjá.