Ẹni tí kò kà á, kò ní mọ̀

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Àárọ̀ ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ilẹ̀ ti ṣú báyìí, kò tíì kúrò létí mi. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Kútọ̀ lọ sí Ìtòkú, èmi àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì la jọ jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ fíìmù. Ọ̀kan ń bínú. Ó ní ìwé tí òun fi odidi oṣù méjì kà, wọ́n ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ibi tó dùn jù gan-an ni wọ́n yọ. Èkejì fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, “Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ẹni tí kò kà á, kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.”

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ṣe ló fẹ́ fi tu ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú. Èyí tó ń bínú náà sì rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìtòkú, mo sanwó, mo ń lọ. “Mọ́mì, ẹ gba ṣéńjì yín.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni oníkẹ̀kẹ́ pè mí kí n tó gbọ́.

Iṣẹ́ òní: aró tó ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ Ajé ti gbà, mo rẹ aṣọ mẹ́fà, oníbàárà Ìbàdàn san ìyókù owó rẹ̀. Oòrùn mú, aṣọ tètè gbẹ. Kò sí iná.

Ẹni tí kò kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ ti mọ ìwé tó máa kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ìwé Tolkien, ti òrùka, The Lord of the Rings, tó jáde ní apá mẹ́ta láàárín ọdún 1954 sí 1955. Àsìkò tí wọ́n ti yunifásítì pa ni mo kà á, àtùpà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bàbá mi ń pariwo láti yàrá kejì pé kí n tọ́jú ojú mi. Nígbà tí Peter Jackson sọ ọ́ di fíìmù, New Zealand ni wọ́n ti yà á, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá ń gbé e jáde lọ́dọọdún, 2001, 2002, 2003. Mo fẹ́ràn àwọn fíìmù náà. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, torí mi ò fẹ́ kí ìbínú òní mú mi purọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí àwọn òkè yẹn lójú tẹlifíṣàn, ọkàn mi fò. Bí mo ṣe rí i nínú orí mi lábẹ́ àtùpà ni wọ́n ṣe é, ó tiẹ̀ ga jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n yọ bíbọ̀ wálé.

Nínú ìwé, ogun ti parí, òrùka ti yọ́ dànù nínú iná, àwọn mẹ́rin tó ti Shire, ilẹ̀ ìbí wọn, jáde wá ń padà lọ sílé. Ilé tí wọ́n bá kì í ṣe ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ti gé igi. Ilé ọlọ tuntun ń da ẹ̀gbin sínú omi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Àwọn jàǹdùkú ló ń pàṣẹ, wọ́n ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín, ará ilé sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Oṣó tí wọ́n ti ṣẹ́gun lókèèrè ló wá fara pamọ́ síbẹ̀, tó ń ba ibẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn mẹ́rin yìí ló kó ará ilé jọ, wọ́n jà, 19 nínú àwọn ará Shire kú. Igi ńlá tí wọ́n ṣe àríyá lábẹ́ rẹ̀ ní orí kìn-ín-ní ìwé náà, Sam, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, bá a lórí ilẹ̀. Ó lọ sí Mordor, ilẹ̀ ọ̀tá, kò sunkún báyẹn. Ti igi yẹn ló sunkún sí.

Nínú fíìmù, wọ́n gun ẹṣin wọlé, ilé wà bó ṣe wà.

Ẹni tí kò kà á, kò ní mọ̀. Òótọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, pé òótọ́ ni.

Mi ò ní tún ọ̀rọ̀ igi àgbálùmọ̀ ilé wa tí wọ́n gé sọ, mo ti kọ ọ́ síbí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gé e kò ní padà gbìn ín, mo sì ti sọ pé mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, mo yà sí ilé, mo dúró níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù báyìí, ọmọ àbúrò mi ń sáré gba àárín búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sá, inú rẹ̀ ń dùn. Ó dúró, ó wò mí. “Àǹtí, kí lẹ ń wò?” Mo ní kò sí nǹkan kan. Ọmọ ọdún méje ni. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí igi wà. Lójú tirẹ̀, ibi búlọ́ọ̀kù ni ibẹ̀ ti ń jẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Mo rò pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn fi wọ̀ mí lára tó báyìí. Tàbí kì í ṣe ìyẹn. Ó ti rẹ̀ mí tẹ́lẹ̀ kí n tó wọ kẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn tó ṣe fíìmù náà díẹ̀. Ìkẹta yẹn, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 21 ni. Òrùka ti jóná, gbogbo òǹwòran ti mí kanlẹ̀, ẹ wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ogun mìíràn fún wọn, ogun kékeré, nínú abúlé? Ẹni tó ń ka ìwé lè pa á dé, kó sùn, kó jẹun, kó ṣí i lọ́la. Ẹni tó jókòó sí sinimá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá àgbà wa tó máa ń pàlọ́ fún wa mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bó bá ti rí i pé ojú àwọn ọmọ ń kún fún oorun, á fo orin méjì nínú orin ìjàpá, ìjàpá á tètè délé àna rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Fíìmù kẹta náà sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar 11, gbogbo èyí tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ló gbà. Ta ni èmi tí mo fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ kejì, màmá àgbà á kọ orin méjèèjì padà. Fíìmù náà ní ẹ̀dà gígùn tó lé ní wákàtí mẹ́rin, mo wò ó tán, bíbọ̀ wálé kò sí níbẹ̀.

Àyè nìkan kọ́ sì ni wàhálà náà. Ìwé kékeré tí Tolkien gbé jáde ṣáájú ní 1937, The Hobbit, ìwé ẹyọ kan, fíìmù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe láàárín 2012 sí 2014. Àyè pọ̀ níbẹ̀ ju ìtàn lọ, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi dí i. Ìtàn Robert Jordan, The Wheel of Time, wá jẹ́ òdìkejì: ìwé 14, ẹlòmíràn ló bá a parí rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, tẹlifíṣàn ṣe sáà mẹ́ta péré, 2021 sí 2025, wọ́n dá a dúró. Àwọn tí kò kà á ṣì wà lójú ọ̀nà títí di òní. Bóyá kí wọ́n gé e kó sì dé ilé sàn ju ìyẹn lọ. Mi ò mọ̀. Lónìí, mi ò fẹ́ gbà.

Ohun kan wà tí mi ò ronú kàn rí àfi ọ̀sán òní. Nínú ìwé, kí ogun tó le rárá, Galadriel, ìyáàfin inú igbó yẹn, fún Sam ní àpótí kékeré kan. Erùpẹ̀ ọgbà rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àti kóró igi ẹyọ kan. Sam gbé e káàkiri gbogbo ìyà yẹn, kò ṣí i. Ó délé, ó bá igi nílẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tí wọ́n fi àpótí náà rán òun. Nínú fíìmù, kò sí àpótí. Kò lè sí! Bí ẹ bá ti yọ igi tó wó, kí lẹ fẹ́ fi erùpẹ̀ ṣe? Ẹ fa òwú kan ní ìparí, ó tú dé ìbẹ̀rẹ̀. Tolkien fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ẹ̀dà kejì pé kòṣeémàní ni orí yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Mo ń fi ìyẹ́ fa ẹ̀kọ sára aṣọ nígbà tí èyí wá sí mi lọ́kàn. Mo kọ́kọ́ rò ó pé bóyá bí adìrẹ ni: ibi tí a bá fi ẹ̀kọ bò kì í mu aró, ibẹ̀ gan-an ló ń di àwòrán. Èyí tí a kò kùn ló ń sọ̀rọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ṣùgbọ́n kò bá a mu. Bí a bá ha ẹ̀kọ kúrò, funfun yóò hàn sí gbogbo ayé. Ohun tí fíìmù yọ kì í fi funfun sílẹ̀. Aró bo gbogbo rẹ̀, aṣọ dúdú mọ̀lọ̀, ó sì lẹ́wà, ẹni tó rà á á wọ̀ ọ́ lọ sóde.

Síbẹ̀… wọn kò jù ú nù tán. Nínú fíìmù kìíní, Frodo, ẹni tó gbé òrùka nínú àwọn mẹ́rin náà, wo inú omi tí ìyáàfin náà bù sínú àwo, ó rí Shire tó ń jóná, ó rí àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kò pẹ́ rárá, kí ẹ sì tó ṣẹ́jú ó ti kọjá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé, wọ́n sọ ọ́ di ìran tí kò ṣẹ. Ẹnì kan nínú wọn fẹ́ràn orí yẹn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan wá ibi kékeré kan fún un.

Àti pé ilé ọtí yẹn. Ní ìparí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sílé ọtí nílé wọn, ife wà níwájú wọn. Gbogbo ènìyàn ń pariwo, elégédé ńlá kan ló gba ojú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé níbo lẹ lọ. Wọ́n kàn wo ara wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, mo bínú, mo ní ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo wò ó, mo ti dé láti Èkó. Ọdún mẹ́sàn-án, mo gbé báàgì sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní “Ẹ káàbọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́,” wọ́n sì padà sórí ọ̀rọ̀ ta ló gba ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Mo sunkún débi pé mo ní láti dá a dúró. Ìwé sọ pé ilé bàjẹ́ nígbà tí o kò sí níbẹ̀. Fíìmù sọ pé kò sóhun tó ṣe ilé, ìwọ ni kò bá ilé mu mọ́. Méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ sí mi.

Nítorí náà kí ni mò ń bínú sí?

Fágúnwà ni, mo rò. Ẹ̀rù Fágúnwà ń bà mí. Láti 1938 dé 1961, ìwé márùn-ún. Nínú ti àkọ́kọ́, Àkàrà-oògùn ọdẹ jókòó, ó ń ròyìn, ilẹ̀ ṣú, ó lọ, ó padà wá lọ́jọ́ kejì, àwọn ènìyàn ti pọ̀ sí i. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun gùn. Ìwé kejì wá padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Olówó-ayé. Bí ẹni tó ní owó bá dìde lọ́la pé òun fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di fíìmù, ṣé lọ́dọ̀ bàbá ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí lọ́dọ̀ ọmọ? Ìyẹn kò le. Àwọn iwin yóò rọrùn, kọ̀ǹpútà á ṣe wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé: ìkìlọ̀ gígùn, orúkọ tó gba ìlà mẹ́ta, ìbúra, ibi tí ọdẹ dúró láàárín ìjà tó ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Wọ́n á ní ó ń fa ẹsẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ṣóyínká tó túmọ̀ ìwé àkọ́kọ́ yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ẹni tí kò lè ka ti Yorùbá ṣì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń bọ̀, tó jẹ́ fíìmù nìkan ni wọ́n máa rí…

Wọn kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Wọn ò ní máa wá a. Inú wọn á dùn, wọ́n á máa sáré láàárín búlọ́ọ̀kù.

Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe é ná. Mo fẹ́ rí Igbó Irúnmọlẹ̀ lójú ògiri ńlá kí n tó kú, kódà bí wọ́n bá gé e.

Ọ̀túnla ni Sátidé. Ọmọ yẹn á wà nílé. Mò ń rò ó pé kí n mú un lọ síbi tí mo dúró sí, kí n sọ fún un. Mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Bóyá láti orí ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ já bọ́ láti orí ẹ̀ka kejì, tí apá rẹ̀ yẹ̀. Ó máa ń rí àpá yẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún un ibi tó ti wá.

Iná ti dé. Ẹ jẹ́ kí n lọ fa omi sókè.