Ọdún Tí Mo Sọ Ẹrù Ọkọ̀ Mi Kalẹ̀

Mo ṣí ìwé ọkọ̀ mi lálẹ́ àná, mo sì ka gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀ láti oṣù kìíní títí di ìsinsìnyí. Ìgbà 43 ni mo fọwọ́ kan ọkọ̀ náà lọ́dún yìí. Nínú rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fi kó nǹkan tuntun sí i lára. Ìyókù, àtúnṣe ni, ìfọ̀mọ́ ni, tàbí ohun tí mo tú kúrò tí mi ò sì dá padà mọ́. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá: àfikún 11, àtúnṣe táṣẹ́rẹ́.

Fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, Land Cruiser 80 ni, ti ọdún 1994. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 1HZ ló wà nínú rẹ̀, sílíńdà 6, lítà 4.2, kò ní turbo tó ń fún afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì. Axle iwájú rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn, irin gbọọrọ kan ni láti táyà dé táyà. Ọkọ̀ tó lágbára ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe ti eré sísá. Fífà ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí kílò kan tí èèyàn máa gbé lé e tí kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Oṣù kejì ni mo gbé e gun òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Epo kún un, èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀, kò sí ẹrù ìrìn-àjò kankan. Ó ku 90 kílò péré kó kan ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe é kọ pé kò gbọdọ̀ kọjá. Àyà mi já. Kí àgbàlagbà 2 sì wọlé tì mí, a ti kọjá ààlà nìyẹn, a ò tíì gbé omi, a ò tíì gbé àgọ́.

Bí mo ṣe délé, mo gbé òṣùwọ̀n jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbọ̀n irin orí òrùlé, 62 kílò. Táyà àfipamọ́ kejì tó wà nínú agbọ̀n náà, 41. Inú àpótí irinṣẹ́, níbi tí mo ti bá sípánà oníwọ̀n kan náà mẹ́ta, mo yọ 34 kúrò. Jáàkì gíga tí mi ò lò rí láti ìgbà tí mo ti rà á, 13. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 150 kílò. Mo mọ ohun tó mú mi kó wọn jọ. Ẹ̀rù ló di ẹrù. Mò ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ máa dákú síbi tí kò ti ní sí olùrànlọ́wọ́, ni mo bá ń kó ohun tó máa gbà mí sílẹ̀ kún un, dípò kí n máa wo ohun tó lè mú kó dákú.

Ti orí òrùlé ló burú jù. Tí ilẹ̀ bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹrù tó wà lókè ló máa ń fa ọkọ̀ lọ síbi tó ti fẹ́ dojú dé. Lẹ́yìn tí mo tú agbọ̀n náà, mo gba ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí mo ti máa ń di sítíárìn mú bí ẹni di igi mú nínú odò. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló kọjá.

Ti táyà, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọdún 3 ni mo fi lo táyà 285/75R16, tó tóbi ju èyí tó bá ọkọ̀ wá lọ. Nígbà tó jẹ tán ní oṣù kẹrin, mo dá 275/70R16 tó bá ọkọ̀ wá padà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: èyí tó tóbi ga ní mílímítà 834, ìkejì ga ní 791. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní ìdá 5 nínú 100. Ìyẹn ni pé tí aago tó ń wọn eré ọkọ̀ bá ní 100 ni mò ń sá, 105 ni mò ń sá ní tòótọ́, ẹ́ńjìnnì sì ń fi gíà kan náà yí táyà tó ga jù fún un. Mílímítà 21 péré ni mo pàdánù lábẹ́ ọkọ̀. Òkè tí gíà kejì nìkan máa ń gùn tẹ́lẹ̀, gíà kẹta ń gùn ún báyìí.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi jókòó tì. Ìwé yìí kan náà ló tú àṣírí rẹ̀. Mo rí i pé mo ti pààrọ̀ pádì bíréèkì iwájú lẹ́ẹ̀mejì, tí ti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ rárá. Òótọ́ ni pé ti iwájú ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, torí pé bí ọkọ̀ bá ń dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ ń sún sí. Ṣùgbọ́n èyí ti pọ̀ jù. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Fálfù kan wà lábẹ́ níbẹ̀, lápá ẹ̀yìn, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ axle. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bí ẹrù ṣe pọ̀ tó. Tí ẹrù bá pọ̀, ara ọkọ̀ á wálẹ̀ sún mọ́ axle, ọ̀pá á ti fálfù, fálfù á sì jẹ́ kí agbára bíréèkì lọ sẹ́yìn dáadáa. Tí ọkọ̀ bá fúyẹ́, ara rẹ̀ á gòkè, fálfù á dín agbára ẹ̀yìn kù kí táyà ẹ̀yìn má baà há, ìyẹn ni kó dúró láìyí mọ́, kí ọkọ̀ má baà fi ìdí yí. Ọgbọ́n ńlá ni. Èmi wá lọ fi síprìngì tó ga sí i ní mílímítà 50 sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo gbé táyà ńlá wọ̀ ọ́n, mi ò sì fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn. Láti ọjọ́ náà ni fálfù ti gbà pé òfìfo lọkọ̀. Bí mo di ẹrù kún un dé òrùlé, òfìfo ni lójú tirẹ̀. Ọdún 3 ni mo fi ń kó àwọn ọmọ mi lọ, tí mò ń kó wọn bọ̀, nínú ọkọ̀ tó wúwo jù tí bíréèkì iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá nìkan dúró. Nígbà tó yé mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè dìde.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju irin kékeré kan lọ. Mo gbé ìdí ọ̀pá náà sókè lórí axle ní mílímítà 50, iye tí síprìngì fi gbé ara ọkọ̀ sókè. Mo tún tú gbogbo ọ́ìlì bíréèkì dànù, mo rọ DOT 4 tuntun sí i. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà tó bá ṣì tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, 155 ni òfin rẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ sí. Bó bá lọ hó nígbà tí èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, pẹ́dàlì á wọlẹ̀ pátá. Ọmọbìnrin mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mò ń yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù.

“Tẹ̀ ẹ́.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́, Bàámi.”

“Má tíì gbẹ́sẹ̀ kúrò o.”

“Mi ò gbé e.”

Ọ̀sán odidi kan la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá lọ dán an wò lórí ilẹ̀ tútù gbalasa tí kò sẹ́ni nítòsí. Táyà iwájú ló kọ́kọ́ há, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Imú ọkọ̀ kì í tẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ bí àgbò tó fẹ́ kàn.

Axle iwájú ló gba oṣù kẹjọ. Tí mo bá yí sítíárìn dópin, mo máa ń gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ lápá òsì. Inú ọpọ́n irin róbótó kan lẹ́yìn táyà ni oríkèé tó ń yí táyà wà, girísì ló sì yí i ká. Sílì kan ló yẹ kó dí ọ́ìlì differential, àkójọ gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, mọ́ ibi tirẹ̀. Ti tèmi ti gbó. Nígbà tí mo ṣí i, girísì ti di omi dúdú, ó ń ṣàn sí mi lọ́wọ́. Wáṣà olórí ṣóńṣó 6 ló di ojú rẹ̀ mú, wọn ò sì jẹ́ ṣeé fà rárá. Hámà idẹ ni mo fi gbá orí wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ń fò jáde. (Irin ìdúró 2 ló wà lábẹ́ axle ní gbogbo àkókò yẹn. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀.)

Ọjọ́ 2 ni mo fọkàn sí, ọjọ́ 9 ni mo lò. Sílì àkọ́kọ́ wọlé lọ́nà wíwọ́, mo sì ti tò ó pọ̀ tán kí n tó rí ọ́ìlì tó ń kán, ni mo bá tún tú gbogbo rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé mo gbé oríkèé ọ̀tún sí òsì, mo gbé ti òsì sí ọ̀tún. Iwájú ni ọkọ̀ ń lọ lọ́pọ̀ ìgbà, torí náà ẹ̀gbẹ́ kan ni ihò tí bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ ń gbà máa ń jẹ sí. Tí èèyàn bá ṣe pàṣípààrọ̀ wọn, ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì jẹ á wá máa ṣiṣẹ́. Ariwo náà ti lọ.

Àfikún kan ṣoṣo tí mo ṣe, ti iná iwájú ni. Fóòtì 14.2 ló wà lẹ́nu bátìrì, 12.4 péré ló ń dé ọ̀dọ̀ gílóòbù, torí pé wáyà àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba inú súìṣì kọjá. Mo fa wáyà tó nípọn láti bátìrì, mo fi fíúùsì sí ìdí rẹ̀ níbẹ̀, mo fi relay 2 sí i, súìṣì tí iná ń tan fúnra rẹ̀. Ó di 13.8. Òru ti yàtọ̀ sí òru tẹ́lẹ̀.

Ìpẹtà ẹ̀yìn táyà òsì ṣì wà níbẹ̀. Mo fọ́n ọ̀dà sí i ní oṣù karùn-ún, ó ti hù padà. Àfi kí n gé e, kí n jó irin tuntun mọ́ ọn, ọwọ́ mi ò sì tíì le tó nídìí iṣẹ́ yẹn.

Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń mú kí písítìn àti fálfù inú ẹ́ńjìnnì máa rìn bára mu, ni mo kà kẹ́yìn nínú ìwé náà lálẹ́ àná. Ní 100,000 kìlómítà ni wọ́n máa ń pààrọ̀ ti 1HZ. Bó bá já lójú ọ̀nà, písítìn á lọ gbá àwọn fálfù inú ẹ́ńjìnnì. Ìwé mi ní ó ku 2,300. Mo ti fẹ́ pa ìwé náà dé nígbà tí mo rántí táyà ńlá. Aago ka 46,000 nígbà tí mo fi lò wọ́n, iye tí ọkọ̀ rìn ní tòótọ́ sì ti sún mọ́ 48,500. Bẹ́líìtì ti kọjá ọjọ́ rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà lórí ìṣó láti àná. Mo ti sọ fún àwọn ará ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Bẹ́líìtì tuntun àti bẹ́árìn tó ń fà á le wà lórí tábìlì níbi tí mo ti ń kọ èyí, a ò tíì já ọ̀rá wọn.